Òṣùṣú wo ló hù sí pápá ẹran yìí?

Olóko Missouri:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin àgbẹ̀. Pápá ìjẹko éékà mẹ́fà ni, ní àárín Missouri. Ibi tí katapílà tú ní èṣí ti kún fún òṣùṣú, bí Bíbélì wa ṣe ń pè é (thistle ni lédè Gẹ̀ẹ́sì). Òmíràn ga dé èjìká, òdòdó rẹ̀ tóbi, àwọ̀ àlùkò. Òmíràn kàn tẹ́ ewé sílẹ̀ yípo. Màlúù ò fẹnu kàn án. Ẹnìkan ní kí n gé e, ẹlòmíràn ní oògùn ni kí n fín. Irú èwo ni?

Ẹlẹ́wúrẹ́:
Ẹ fi ti àwọ̀ òdòdó sílẹ̀, gbogbo wọn ló fẹ́rẹ̀ẹ́ jọ ní àlùkò. Ọrùn òdòdó ni kí ẹ wò.

Musk thistle (Carduus nutans) máa ń ní ewé ẹlẹ́gùn-ún tó lẹ̀ mọ́ ọ̀pá rẹ̀ bí ìyẹ́ láti ìsàlẹ̀ wá. Bó bá ku díẹ̀ kó dé òdòdó, ìyẹ́ yẹn á dúró, ọrùn á wà lófìfo, òdòdó á sì tẹrí ba. Òdòdó náà lè fẹ̀ tó íǹṣì méjì tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ. Ewé rẹ̀ ń dán, ilà tó mọ́lẹ̀ gba àárín rẹ̀ kọjá, etí rẹ̀ sì funfun.

Bí ìyẹ́ ẹlẹ́gùn-ún bá bá ọ̀pá dé ìdí òdòdó, tí òdòdó nàró, tí ojú ewé sì ń họni lọ́wọ́ bí ewé eépín, bull thistle nìyẹn.

Canada thistle ò ṣe é fi wé àwọn wọ̀nyí. Òdòdó rẹ̀ kò tó íǹṣì kan, ọ̀pá rẹ̀ ò ní ìyẹ́, ó sì máa ń hù gìrìgìrì lójú kan, nítorí gbòǹgbò rẹ̀ ń rìn lábẹ́ ilẹ̀.

Olùtọ́jú Igbó:
Ẹ jọ̀wọ́, ẹ yí ewé padà kí ẹ tó gbé ṣọ́bìrì. Bí abẹ́ rẹ̀ bá funfun bí òwú, tí ọ̀pá ò sì ní ìyẹ́ ẹlẹ́gùn-ún rárá, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ tall thistle, ọmọ onílẹ̀ ní Missouri. Ẹyẹ goldfinch ń jẹ hóró rẹ̀. Ẹ má pa á. Wọ́n ti ṣẹ̀ ẹ́ tó: kòkòrò Rhinocyllus conicus tí wọ́n kó wọ Amẹ́ríkà ní 1969 láti jẹ musk thistle ló tún ya sára àwọn ọmọ onílẹ̀.

Bí hóró bá ti gbó, ẹ wo òwú rẹ̀. Ti musk dà bíi ti yánrin, irun gbọọrọ lásán. Ti àwọn yòókù ní ẹ̀ka wẹ́wẹ́ bí ìyẹ́ adìyẹ.

Olóko Missouri:
Ẹ ṣeun gan-an. Èyí tó pọ̀ jù, ọrùn rẹ̀ wà lófìfo, ó sì tẹrí ba. Bíi mẹ́ta lẹ́bàá odò ni abẹ́ ewé wọn funfun, ọ̀pá wọn ò ní ìyẹ́.

Ẹlẹ́wúrẹ́:
Ẹ fi mẹ́ta yẹn sílẹ̀. Èyí tó kù, musk ni.

Ọdún méjì ló ń lò: ó tẹ́ ewé ní ọdún kìíní, ó yọ òdòdó ní èkejì, ó sì kú. Hóró nìkan ló fi ń tàn, nítorí náà gbogbo ogun yín, kó má so ni. Èyí tó tẹ́ sílẹ̀, ẹ fi ṣọ́bìrì gé gbòǹgbò rẹ̀ ní íǹṣì méjì nísàlẹ̀ ilẹ̀. Bí ẹ bá gé e lójú ilẹ̀ lásán, á tún rú. Èyí tó ti yọ òdòdó, ẹ wọ ìbọ̀wọ́ aláwọ, ẹ gé orí òdòdó sínú ọ̀rá, ẹ dì í pa. Òdòdó tó ti là, bí ẹ tilẹ̀ gé e jù sílẹ̀, hóró inú rẹ̀ lè gbó níbẹ̀. Ibẹ̀ ni ọ̀pọ̀ ẹni tó ń fi ẹ̀rọ gé e ti ń ṣàṣìṣe.

Oògùn apèpò bíi 2,4-D ń ṣiṣẹ́ nígbà tó ṣì tẹ́ sílẹ̀, ní ìgbà ìwọ́wé tàbí ìbẹ̀rẹ̀ ìrúwé. Bó bá ti nà sókè, agbára oògùn á dín. Ẹ ka ara ike fún ìwọ̀n, ẹ sì rántí pé yóò pa clover yín, ewé tí màlúù ń jẹ.

Ẹ gbin koríko síbi tí katapílà tú, kí ẹ má jẹ́ kí màlúù jẹ ẹ́ dé ilẹ̀. Ojú ilẹ̀ tó ṣófo ni musk ń wá. Hóró rẹ̀ lè wà nínú ilẹ̀ ju ọdún mẹ́wàá lọ, ẹ óò máa padà wò ó ní ìrúwé kọ̀ọ̀kan.

Olùtọ́jú Igbó:
Bí ẹ bá rí Canada thistle nínú rẹ̀, ẹ má fi katakata tú u. Gbòǹgbò tó bá já sí wẹ́wẹ́, ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn lè hù.