Ẹ gbà mí nímọ̀ràn: ṣé kí ìbọn wọ ilé wa?

Ẹ̀yin ará, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ yìí ò jẹ́ kí n sùn. Bwari, l'Ábùjá, là ń gbé. Lóṣù tó kọjá, àwọn ajínigbé fo ògiri aládùúgbò wa lóru. Bàtà ọmọ rẹ̀ kan ṣì wà lẹ́bàá kànga; kò sẹ́ni tó lè ṣà á. Ọkọ mi wá fẹ́ gba ìwé àṣẹ ìbọn ọdẹ lọ́dọ̀ ọlọ́pàá. Mo mọ̀ pé abala 33 nínú ìwé òfin 1999 gbà wá láyè láti gbèjà ara wa, níwọ̀n tó bá yẹ. Ṣùgbọ́n ọmọ mẹ́ta ló ń sáré kiri ilé yìí, kò sì sí ibi tí wọn kì í tú! Ẹ̀yin tẹ́ ẹ ní ìbọn nílé, ibo lẹ ń fi í sí? Ṣé ọkàn yín balẹ̀?