CT kò rí nǹkan kan, ṣùgbọ́n ọwọ́ ń gbọ̀n: àwòrán ọpọlọ wo ló kàn?

Físíò_Àdúgbò:
Ẹ kú iṣẹ́ o, ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi. Aláìsàn kan, ẹni ọdún 34, já bọ́ lórí ọ̀kadà ní ọ̀sẹ̀ 7 sẹ́yìn, kò sì lajú fún ọjọ́ 2. CT (àwòrán X-ray tí wọ́n ń yà ní ìpele-ìpele) ọjọ́ náà kò rí nǹkan kan. Ní báyìí, ọwọ́ ọ̀tún rẹ̀ kò lágbára. Tó bá nawọ́ sí ife omi, bí ọwọ́ ṣe ń sún mọ́ ife ni gbígbọ̀n náà ń le sí i, títí omi á fi dà. Ó ń ya ẹsẹ̀ tó bá ń rìn. Àwọn ẹbí fẹ́ tún CT ṣe. Ṣé owó náà kò ní ṣòfò?

OníMRI:
Ẹ kú ìbéèrè. CT dára fún eegun tó fọ́ àti ẹ̀jẹ̀ tó dà púpọ̀. Eléyìí jọ fọ́nrán ọpọlọ (okùn tó ń gbé ìròyìn nínú ọpọlọ) tó fà ya. Tí orí bá yí bìrí tó sì dúró lójijì, ọpọlọ inú rẹ̀ kì í dúró pa pọ̀, àwọn fọ́nrán tín-ín-rín á já. Ẹ̀jẹ̀ tó ń jò níbẹ̀ lè má ju orí abẹ́rẹ́ lọ. CT tí wọ́n gé ní mílímítà 5 á fò ó dá.

MRI (àwòrán tí wọ́n ń fi mágínẹ́ẹ̀tì yà) ló kàn, ṣùgbọ́n ẹ má kọ "MRI orí" lásán sínú ìwé. Ẹ kọ oríṣi àwòrán MRI tí ẹ fẹ́: T1, T2, FLAIR, DWI (tó ń wo bí omi ṣe ń rìn nínú ọpọlọ) àti SWI (tó ń rí irin inú ẹ̀jẹ̀). Ẹ má gbà kí wọ́n yọ SWI o! Irin tí ẹ̀jẹ̀ náà fi sílẹ̀ máa ń hàn níbẹ̀ bí ẹ̀kán dúdú, kódà lẹ́yìn ọ̀pọ̀ oṣù. Bí ẹ̀rọ wọn kò bá ní SWI, T2* GRE, tí òun náà ń rí irin ẹ̀jẹ̀, ni kí wọ́n ṣe. Ẹ̀rọ 1.5 Tesla (ìwọ̀n agbára mágínẹ́ẹ̀tì) ni kí ẹ wá. Èyí tí agbára rẹ̀ kéré lè má fi àwọn ẹ̀kán náà hàn. Ẹ má sì jẹ́ kí DWI tí kò fi nǹkan kan hàn fọkàn yín balẹ̀, nítorí lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ 7, ohun tí ì bá fi hàn ti lè pòórá.

Ẹ tún kọ iye ọjọ́ tí kò fi lajú, apá tó rọ, àti pé ìgbà tó bá nawọ́ ló ń gbọ̀n, kì í ṣe ìgbà tó bá gbé e kalẹ̀. Ìyẹn ni dókítà tó ń ka àwòrán á fi mọ̀ pé kí òun wo midbrain (àárín ọpọlọ) àti cerebellum (ọpọlọ kékeré tó wà lẹ́yìn orí) dáadáa.

Dókítà_Iṣan:
Ẹ dúró ná. Ṣé ó ń sàn bọ̀ ni, àbí ó ń padà sẹ́yìn? Bó bá ti ń rìn dáadáa tẹ́lẹ̀, tí orí wá ń fọ́ ọ, tó ń sùn ṣáá, tó ń tọ̀ sára, òótọ́ làwọn ẹbí sọ: CT lónìí, kì í ṣe lọ́la. Ẹ̀jẹ̀ lè máa rọra kó jọ sábẹ́ agbárí fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, omi inú ọpọlọ sì lè pọ̀ jù, tí ẹsẹ̀ á máa lẹ̀ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ abẹ ń yanjú méjèèjì. Gbígbọ̀n nìkan kì í ṣe àmì ẹ̀jẹ̀ tuntun. Ó lè bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀.

Cerebellum apá ọ̀tún ló ń darí ọwọ́ ọ̀tún, ṣùgbọ́n ọpọlọ ńlá apá òsì ló ń fún un lágbára. Okùn tí méjèèjì fi ń darí ọwọ́ náà ń kọjá nínú midbrain apá òsì. Kí wọ́n wo ibẹ̀.

Físíò_Àdúgbò:
Ẹ ṣeun. Ó ń sàn bọ̀, orí kò fọ́ ọ. Àwọn tó ń ya MRI tún ní àwọn lè ṣe DTI, oríṣi àwòrán MRI mìíràn, pẹ̀lú owó lọ́tọ̀.

OníMRI:
DTI ń wo bí omi ṣe ń rìn lójú ọ̀nà fọ́nrán, ó sì ń fún wa ní FA, nọ́ńbà láti 0 dé 1 tó ń sọ bí omi ṣe ń gba ojú kan ṣoṣo tó. Kó tó ṣeé gbára lé, ó yẹ kó wo ìrìn omi láti ojú ọ̀nà 30, ní b 1000 (ìwọ̀n bí ẹ̀rọ ṣe ń rí ìrìn omi tó), kí ẹyọ kọ̀ọ̀kan inú àwòrán sì jẹ́ mílímítà 2. Ẹ fi apá òsì wé apá ọ̀tún aláìsàn yìí kan náà; ẹ má fi wé nọ́ńbà inú ìwé, torí FA ń yàtọ̀ láti ẹ̀rọ sí ẹ̀rọ. Kọ̀ǹpútà ló ń fa ìlà tẹ̀lé ọ̀nà fọ́nrán, ó sì sábà máa ń dá ìlà náà dúró tí FA bá lọ sábẹ́ 0.2, tàbí tí ìlà bá tẹ̀ jù. Níbi tí fọ́nrán ti ń kọjá lára wọn, ìlà ti ọwọ́ ló máa ń sọnù jù, nítorí náà ìlà tí kò hàn kò túmọ̀ sí pé okùn já. Tí orí bá tún mì, ọ̀rọ̀ bàjẹ́. Kí wọ́n fi fóòmù há a ní ẹ̀gbẹ́ méjèèjì.

Lójú tèmi, SWI tó owó rẹ̀. Owó DTI, ẹ fi kún owó físíò. Ẹ kọ́kọ́ béèrè bóyá ọta ìbọn tàbí irin wà lára rẹ̀ kó tó wọlé, nítorí mágínẹ́ẹ̀tì MRI lè fa irin.