Gígun òkè Adó-Àwáyè pẹ̀lú ọmọ mẹ́ta: ẹ gbà wá nímọ̀ràn

Ẹ kú ìkàlẹ̀ o, ẹ̀yin ará. Láti Ìbàdàn, a fẹ́ kó ọmọ ọdún 12, 9 àti 6 gun òkè Adó-Àwáyè dé adágún Iyake tó wà lórí àpáta, lọ́jọ́ ìsinmi òmìnira, 1 oṣù Kẹwàá.

Òjò ló ń kọ wá lóminú. Kì í tíì dáwọ́ dúró lásìkò yẹn, àpáta tútù sì máa ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá, àgàgà níbi tí ewédò bá ti bò ó. Bàtà bọ́ọ̀lù ni àwọn ọmọ ní, kò sì wúlò níbẹ̀: inú koríko ni eyín abẹ́ rẹ̀ ń wọ̀, kò lè di àpáta mú. Ṣé kánfáàsì onírọ́bà rírọ̀ tó? Aago méje àárọ̀ la fẹ́ bẹ̀rẹ̀, torí ọ̀sán ni ààrá sábà máa ń sán, àpáta gbalasa kò sì níbi ìsádi.

Omi lítà kan fún ọmọ kọ̀ọ̀kan, méjì fún àgbà: ṣé ó tó?

Àgbà nínú àwọn ọmọ máa gbá bọ́ọ̀lù lọ́jọ́ tó ṣáájú. Sísọ̀kalẹ̀ ló ń dá orúnkún lóró ju gígùn lọ. Ṣé kó fi bọ́ọ̀lù yẹn sílẹ̀ ni?

Tó bá ju agbára ọmọ ọdún 6 lọ, ẹ má fi pa mọ́ fún wa. Bower's Tower, ilé ìṣọ́ tó wà ní Òkè Àárẹ̀ n'Ìbàdàn, kò jìnnà sí wa, a lè lọ síbẹ̀ dípò rẹ̀. Ẹni tó bá gun òkè Adó-Àwáyè láìpẹ́, ẹ jọ̀ọ́, ibo ló ń yọ̀ jù níbẹ̀?