Àtúnṣe ní ààyè: ààyè wo?

Ẹ̀yin ẹlẹgbẹ́ mi, ẹ kú iṣẹ́ ọpọlọ. Ẹ̀gbọ́n wa ló dá ọ̀rọ̀ yìí sílẹ̀: kí ni ká máa fi Yorùbá pe ohun tí Gẹ̀ẹ́sì ń pè ní in-place editing, ìyẹn ohun tí sed (irinṣẹ́ kọ̀ǹpútà tó ń tún ọ̀rọ̀ inú fáìlì ṣe) ń ṣe tí a bá fi -i sí àṣẹ rẹ̀, tó bá fáìlì ńlá tún apá kan ṣe, tí fáìlì kan náà tí a mọ̀ sì tún wà níbẹ̀ lẹ́yìn iṣẹ́? Ẹ̀gbọ́n dá a lábàá pé ká pè é ní “àtúnṣe ní ààyè”. Àbúrò kan ní “àtúnṣe ojú-ẹsẹ̀” ló dùn jù létí òun. Èmi ò gba ìkankan nínú méjèèjì.

Ti àbúrò ò ní gbà wá lákòókò. Ẹni tó bá ní òun ṣe nǹkan lójú ẹsẹ̀, kíákíá ló ń wí, kò sọ ibi tó ti ṣe é. “Lójúkan” náà ń tan ni jẹ bẹ́ẹ̀. Bí o bá ní kí ọmọ dúró lójúkan, ibi ni. Bí o bá wá fi “náà” kún un, ó ti di àkókò. Iṣẹ́ tó gba kọ̀ǹpútà ní ìdajì wákàtí, ta ló máa pè é ní ti ojú ẹsẹ̀?

Ti ẹ̀gbọ́n ló le. Mo fẹ́ràn rẹ̀ nígbà tí mo kọ́kọ́ rí i, mo tiẹ̀ ti fi kọ́ ọmọkùnrin kan tó ń kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ mi ní Ìbarà. Ọmọ yìí ní fáìlì kan tó tó gígábáìtì mẹ́sàn-án. Orúkọ kan ló fẹ́ pààrọ̀ níbẹ̀, láti ìlà 120 dé ìlà 140, ó sì kọ àṣẹ rẹ̀ dáadáa: sed -i, ìlà méjèèjì, s, ọ̀rọ̀ àtijọ́, ọ̀rọ̀ tuntun. Ààyè tó kù lórí díìsìkì rẹ̀ kò ju gígábáìtì mẹ́rin lọ, kò sì ka ìyẹn sí, torí ìlà mọ́kànlélógún péré ló fẹ́ fọwọ́ kàn. Ìgbà tó yá, kọ̀ǹpútà ní ààyè ti tán. Ọmọ wò mí lójú, ó ní: “Ẹ jọ̀ọ́ sà, ẹ̀yin lẹ ní ní ààyè ẹ̀ ni. Ààyè wo ló tún ń wá?”

Mo rẹ́rìn-ín, àmọ́ èsì ò sí lẹ́nu mi. Orúkọ tí mo kọ́ ọ ló parọ́ fún un. (Ká má tiẹ̀ sọ pé ẹni tó bá ń yára sọ̀rọ̀ á pè é ní “láàyè”, bí ẹni pé fáìlì tó ń mí là ń tọ́jú.)

Ẹ jẹ́ ká wo ohun tí irinṣẹ́ yìí ń ṣe gan-an ká tó sọ ọ́ lórúkọ. Lee McMahon ló kọ sed ní Bell Labs ní Amẹ́ríkà, láàárín 1973 sí 1974, orúkọ tó sì fún un, stream editor, fi hàn pé ìṣàn ló ń tún ṣe. Ọ̀rọ̀ ń gba ẹnu kan wọlé ní ìlà kọ̀ọ̀kan, ó ń gba ẹnu kejì jáde. Ìdí nìyẹn tí fáìlì ńlá kì í fi bà á lẹ́rù: kì í gbé e mì lẹ́ẹ̀kan náà bíi ti àwọn tó máa fẹ́ ṣí gbogbo rẹ̀ síwájú rẹ kí o tó tẹ lẹ́tà kan. Ṣùgbọ́n odò Ògùn tó ti gba abẹ́ afárá Láfẹ́nwá kọjá kò ní padà wá kí o lè bu aró sí i. Sed ìbẹ̀rẹ̀ kò ní -i rárá. Èyí tí wọ́n fi kún un lẹ́yìn kò sì sọ ìṣàn di adágún: fáìlì tuntun ló ń kọ sí ẹ̀gbẹ́ èyí tó wà, títí kan ìlà 1 dé 119 tí ẹnikẹ́ni ò rán an sí. Tó bá kọ ọ́ tán, á gbé orúkọ ti àtijọ́ wọ tuntun, ti àtijọ́ á sì lọ.

Ará Abẹ́òkúta ni wá, ọ̀rọ̀ oyè kò ṣàjèjì sí wa. Aláké wà ní Aké lónìí, Aláké á wà níbẹ̀ lọ́la, kì í ṣe ẹnì kan náà. Orúkọ fáìlì ni oyè. Lórí Linux, nọ́ńbà kan wà lábẹ́ orúkọ náà tó ń tọ́ka sí fáìlì fúnra rẹ̀. Ìyẹn lẹni tó wà lórí ìtẹ́. Ẹ fi ls -i wo nọ́ńbà náà kí sed -i tó ṣiṣẹ́, ẹ tún wò ó lẹ́yìn rẹ̀, á ti yí padà. Bí tail -f, àṣẹ tó ń ṣọ́ ohun tí wọ́n ń kọ kún fáìlì, bá ti di fáìlì àtijọ́ mú tẹ́lẹ̀, ẹni tó ti lọ láá ṣì máa dọ̀bálẹ̀ fún. Nítorí náà, “ìrọ́pò” lèmi fẹ́ ká pè é. A mọ̀ ọ́n tẹ́lẹ̀, kò sì ṣèlérí ohun tí kò ní ṣe.

Àmọ́ àtúnṣe tó ń ṣẹlẹ̀ sí ojú ibẹ̀ gan-an náà wà, òun ni mo fẹ́ ká fi ọ̀rọ̀ míì pè. Ẹ rántí Ìwé Ìròhìn tí Henry Townsend bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ní ìlú yìí ní 1859. Ẹni tó ń to lẹ́tà onírin láyé ìgbà yẹn, tó bá rí àṣìṣe nígbà tó ti di ojú ìwé pinpin, á fa lẹ́tà kan yọ, á fi òmíràn sí ihò rẹ̀. Bí méjèèjì bá fẹ̀ dọ́gba, kò sí wàhálà. Bí tuntun bá fẹ̀ ju ti àtijọ́, gbogbo ìlà náà láá ní láti sún. Bẹ́ẹ̀ ni dd, àṣẹ tó ń da báìtì kọ, ṣe ń ṣiṣẹ́ tí a bá fi seek júwe ibi tó máa bẹ̀rẹ̀ fún un, tí a sì fi conv=notrunc sí i kó má baà gé ìyókù fáìlì dànù. Bẹ́ẹ̀ náà ni ètò tí a fi èdè Python kọ, tó bá fi “r+” ṣí fáìlì. Báìtì tuntun gbọ́dọ̀ bá ti àtijọ́ dọ́gba.

Ibi tó ti kan àwa oní-Yorùbá nìyí. “Abeokuta” láìsí àmì jẹ́ báìtì mẹ́jọ. “Abẹ́òkúta” jẹ́ mẹ́rìnlá ní UTF-8, ọ̀nà tí kọ̀ǹpútà ń gbà sọ lẹ́tà di báìtì, torí “ẹ́” nìkan gba márùn-ún. Ẹni tó bá fẹ́ fi àmì sí i lójú ibẹ̀ á jẹ báìtì mẹ́fà lára ọ̀rọ̀ tó tẹ̀ lé e. Bí ẹlòmíràn bá sì tẹ “o” lọ́tọ̀, tó tẹ àmì ohùn rẹ̀ lọ́tọ̀, tó ṣe “u” bẹ́ẹ̀, ó di mẹ́rìndínlógún. Ojú ò rí ìyàtọ̀, script (àkójọ àṣẹ tí a kọ fún kọ̀ǹpútà) tó ń wá ọ̀kan ò sì ní rí èkejì láé. Àmì tí à ń jà lé lórí nínú ìwé ti bá wa dé inú díìsìkì.

“Ìkọbò” ni mo mú wá fún èyí: a kọ ọ́, ó bo ti àtijọ́. Mo mọ̀ pé ẹnì kan máa ní “kọ lé” ló yẹ, àmọ́ àkọlé ti níṣẹ́ tó ń ṣe. Àwọn tó ní ká fi “àbùlẹ̀” kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, mi ò bá wọn lọ. Ẹ béèrè lọ́wọ́ télọ̀ èyíkéyìí ní Ìtòkú: aṣọ ọ̀tọ̀ ni àbùlẹ̀ kí ó tó di ara aṣọ. Patch, irinṣẹ́ tí Larry Wall kọ ní 1985, ni ọ̀rọ̀ yẹn bá mu, torí fáìlì ọ̀tọ̀ tó kó ìyàtọ̀ sínú ló ń mú wá lẹ̀ mọ́ ti àtijọ́.

Kì í ṣe ọ̀rọ̀ orúkọ lásán. Bí iná bá lọ láàárín ìrọ́pò, ti àtijọ́ ṣì wà ní pípé. Bí ó bá lọ láàárín ìkọbò, àdàlú lo máa bá. Ìyẹn ni mo fi fẹ́ràn ìrọ́pò, bó tilẹ̀ ń jẹ ààyè. Ẹ̀kẹta tún wà, níbi tí èèyàn ti darí ohun tí sed tú jáde padà sínú fáìlì kan náà pẹ̀lú àmì >. Shell, ètò tó ń gba àṣẹ lọ́wọ́ wa, á ti sọ fáìlì náà di òfìfo kí sed tó ka ìlà kan. Bí àkójọ orúkọ oríta àti àdúgbò Ẹ̀gbá tí mo kọ ṣe lọ lóru ọjọ́ kan nìyẹn. Ìdajì rẹ̀ ni mo bá lórí fláàṣì. Ìyẹn ò nílò orúkọ, igbe ni orúkọ rẹ̀.

Lórí “ìwé àṣẹ” tí ẹnì kan ní ká máa pe script: rárá o. Ìwé àṣẹ ni ọlọ́pàá ń béèrè lójú ọ̀nà. “Ẹ̀dà àfipamọ́” tí ẹ̀gbọ́n mú wá fún ohun tí -i.bak ń fi sílẹ̀, ìyẹn fáìlì àtijọ́ tí sed bá wa tọ́jú, mo gbà á tọwọ́tẹsẹ̀.

Ọmọ mi ní Ìbarà ti pa fíìmù rẹ̀ rẹ́ kó lè rí ààyè. Ó ṣe ìrọ́pò náà lánàá, ó fi ls -i wò ó ṣáájú àti lẹ́yìn, ló bá ké sí mi láti yàrá kejì: “Ẹ̀gbọ́n, bàbá ti wàjà!”