Ẹ gbà mí nímọ̀ràn lórí ojú kọ̀ǹpútà tí àwọn tó ń ṣọ́ ẹ̀rọ ń wò

Ẹ̀yin àgbà àti ẹlẹgbẹ́ mi lẹ́nu iṣẹ́ ẹ̀rọ, ẹ kú iṣẹ́ o. Ilé iṣẹ́ kan lẹ́bàá Ṣàgámù ni mo wà, bọ́ílà, ẹ̀rọ tó ń se omi di oru, ni a sì ń lò níbẹ̀. Wọ́n ní kí n tún ojú kọ̀ǹpútà tó wà ní yàrá ìdarí ṣe. Ní òru ọjọ́ kan lásìkò òjò tó kọjá, iná mànàmáná lọ, jẹnẹrétọ̀ gbà á, gbogbo aago ìkìlọ̀ sì bú sẹ́kún lẹ́ẹ̀kan náà, débi pé ọmọkùnrin tó wà lẹ́nu iṣẹ́ kàn ń tẹ bọ́tìnnì tó ń pa ariwo ṣáá ni, nígbà tí ìkìlọ̀ pé omi bọ́ílà ń fà, èyí tó léwu jù lọ, wà ní ojú ewé kejì tí kò ráyè ṣí. Ohun tó ń pa iná bọ́ílà fúnra rẹ̀ nígbà tí omi bá dín ló yọ wá. Ọ̀gá mi wá fẹ́ kí a kó gbogbo nǹkan sójú kan, kí àwọ̀ sì pọ̀ lára rẹ̀. Ọkàn mi kò gbà á. Kí ni kí n ṣe?

Ẹ̀gbọ́n kan, Ìjẹ̀bú-Òde: Àbúrò mi, kí o tó mú àwọ̀, wo bóyá òótọ́ ni ojú ẹ̀rọ rẹ ń sọ. Ní ọjọ́ 28 oṣù kẹta ọdún 1979, ní Three Mile Island, ilé iṣẹ́ tó ń fi agbára átọ́míìkì pèsè iná mànàmáná ní Amẹ́ríkà, fáàfù kan, ìyẹn ìlẹ̀kùn páìpù, ṣí, kò sì padà dé, ṣùgbọ́n iná rẹ̀ lójú pátákó ti kú, àwọn òṣìṣẹ́ sì gbà pé ó ti dé. Iná yẹn kò mọ ohun tí fáàfù ń ṣe rárá. Àṣẹ tí wọ́n fi ránṣẹ́ sí i nìkan ló ń sọ. Ó lé ní wákàtí méjì tí omi fi ń jáde kí ẹnikẹ́ni tó dí i, apá kan nínú ọkàn ẹ̀rọ náà, ibi tí ooru rẹ̀ ti ń wá, sì yọ́. Bí tìrẹ bá kọ ọ́ pé páńpù ń ṣiṣẹ́, ṣé bọ́tìnnì ló sọ bẹ́ẹ̀, tàbí omi tó ń kọjá nínú páìpù?

Ẹni tó béèrè: Ẹ ṣeun, ẹ̀gbọ́n mi. Bọ́tìnnì ni, ó dùn mí láti sọ ọ́. Ọmọkùnrin náà sọ fún mi pé nígbẹ̀yìn tọ́ọ̀ṣì lòun mú, tí òun sáré lọ wo gíláàsì omi lára bọ́ílà fúnra rẹ̀.

Arábìnrin kan, Ìpẹru: Ẹ gbọ́ ohun tó sọ yẹn dáadáa, nítorí ó ti fi ohun tó yẹ kó wà lókè pátápátá hàn yín. Ní ọdún 1994, ní ilé iṣẹ́ ìfọpo ní Milford Haven ní Wales, ìkìlọ̀ 275 ló dé bá òṣìṣẹ́ méjì láàárín ìṣẹ́jú 11 tó ṣáájú ìbúgbàù. Bí ìlù gbogbo régbérégbé bá ń dún pọ̀ lọ́jọ́ Òjúde Ọba, ta ni yóò mọ èyí tó ń ki òun? Ìkìlọ̀ tí òṣìṣẹ́ kò ní ohun kankan láti ṣe sí, ẹ yọ aago kúrò lára rẹ̀. Ẹ jẹ́ kí ojú náà jẹ́ àwọ̀ eérú, kí pupa wà fún ewu nìkan, kí ẹ sì kọ ọ̀rọ̀ sí i pẹ̀lú, nítorí àwọn ọkùnrin kan wà tí kì í dá pupa mọ̀ yàtọ̀ sí àwọ̀ ewé.

Ará Ìkẹ́nnẹ́ kan: Bọ́tìnnì tó ń pa ariwo kò gbọdọ̀ sún mọ́ èyí tó ń pa ẹ̀rọ. Nígbà ogun àgbáyé kejì, àwọn tó ń wa B-17, ọkọ̀ òfurufú ajubọ́ǹbù ti Amẹ́ríkà, máa ń fa ọ̀pá tó ń ká táyà sókè dípò ti ìyẹ́ lẹ́yìn tí wọ́n bá ti balẹ̀, títí Alphonse Chapanis, onímọ̀ nípa ìrònú ẹ̀dá, fi ní kí wọ́n fi ohun tó rí bí táyà sí orí ọ̀pá táyà, kí ọwọ́ lè mọ̀ ọ́n láìwò ó.

Ẹni tó béèrè: Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ gbogbo yín. Omi bọ́ílà ni n ó gbé sókè, láti ara ohun tó ń wọn omi gan-an. Ní Ọjọ́bọ̀, ní aago méjì òru, èmi àti ọmọkùnrin náà yóò jọ dán an wò, kí n tó gbé e dé iwájú ọ̀gá.