Òkè, òrùlé onípánù àti odò fún eré orí tábìlì: kí ni mo lè fi ṣe wọ́n n'Íbàdàn?

Olùdarí Mọ́kọ́lá:

Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, ẹ̀yin èèyàn wa. Èmi ni mò ń darí eré fún àwọn ọ̀rẹ́ kan tí a jọ máa ń pàdé ní Mọ́kọ́lá lọ́jọ́ Sátidé. Òfin Dungeons & Dragons, ẹ̀dà ti 2014, ni a ń tẹ̀ lé, ìyẹn eré ìtàn tí olùdarí ń sọ, tí òṣèré kọ̀ọ̀kan sì ń ṣe ènìyàn kan nínú rẹ̀, ṣùgbọ́n a ti pa àwọn ilé olódi òyìnbó tì, ìlú tí a ń ṣeré nínú rẹ̀ báyìí sì jọ Ìbàdàn dáadáa: òkè lọ́tùn-ún, òkè lósì, agbo ilé tó fara kan agbo ilé, pánù tó ti dípẹtà lórí ilé gbogbo, àti odò kan tó la àárín ìlú kọjá. Orí bébà ni mo ń ya gbogbo rẹ̀ sí títí di ìsinsìnyí. Bébà kò sì lè fi ibi gíga hàn yàtọ̀ sí kòtò, tó fi jẹ́ pé bí ẹnì kan bá ti sọ pé òun wà lórí òrùlé, òun sì fẹ́ ta ọ̀tá lọ́fà nísàlẹ̀, kíá ni àríyànjiyàn á bẹ̀rẹ̀ lórí ẹni tó lè rí ẹnìkejì rẹ̀ àti ẹni tí ògiri bò.

Ìdí nìyí tí mo fi fẹ́ fọwọ́ ara mi ṣe ilẹ̀ ìlú náà, kí àwọn ère wa, ìyẹn ọmọláńgidi kéékèèké tó dúró fún àwọn ènìyàn inú eré, lè dúró lórí ohun tó ga ní tòótọ́. Ìṣòro mi ni pé nínú gbogbo fídíò tí mo wò, fóòmù pátákó aláwọ̀ píǹkì tí wọ́n ń fi sínú ògiri ilé kí òtútù má baà wọlé ni wọ́n ń gé, n kò sì tíì rí onílé kan n'Íbàdàn tó ń dí ògiri rẹ̀ nítorí òtútù. Kí ni mo lè rí rà níbí tí yóò ṣe iṣẹ́ kan náà? Ẹ jọ̀wọ́, máíkírà ni mo máa fi gbé e láti Ṣásá wá sí Mọ́kọ́lá, nítorí náà kò gbọ́dọ̀ wúwo, bẹ́ẹ̀ ni kò gbọ́dọ̀ jẹ́ ohun tí òjò oṣù kẹfà yóò sọ di ẹ̀kọ. Mo tún fẹ́ mọ bí mo ṣe lè ṣe òkè tí ère kò ní máa yọ̀ ṣubú lórí rẹ̀.

Àlàní Akunlé:

Olùdarí, ẹ kú ìmúra. Fóòmù píǹkì yẹn àti fóòmù funfun tí wọ́n ń kó sínú páálí tẹlifíṣọ̀n, ọmọ ìyá kan náà ni wọ́n. Polystyrene ni àwọn méjèèjì. Ohun tó yà wọ́n sọ́tọ̀ ni pé ẹ̀rọ ló fún ti píǹkì jáde ní odindi, tí ara rẹ̀ fi dán tó sì le, nígbà tí ti funfun jẹ́ hóró wẹ́wẹ́ tí wọ́n fi ooru lẹ̀ pọ̀. Ẹ béèrè lọ́wọ́ àwọn tó ń ta tẹlifíṣọ̀n àti fíríìjì ní Dùgbẹ̀, nítorí ọjà tí wọ́n bá ti tú sílẹ̀ fún àwọn oníbàárà láti wò, pàǹtí ni fóòmù rẹ̀ ń dà. Èyí tí hóró rẹ̀ kéré tó sì le ni kí ẹ ṣà: ẹ fi àtàǹpàkò tẹ̀ ẹ́, bí ó bá wọlé tí kò padà, ẹ fi í sílẹ̀.

Ọ̀bẹ kì í gé fóòmù funfun dáadáa. Ṣe ló máa ń fa hóró rẹ̀ tu, tí yóò kún ilẹ̀ ilé, tí yóò sì lẹ̀ mọ́ aṣọ. Wáyà gbígbóná ló ń gé e kí ojú rẹ̀ dán. Irú wáyà tó wà nínú hítà ni kí ẹ nà sórí férémù igi, kí ẹ sì fún un ní iná fólítì 12 láti inú ádápítọ̀ tó lágbára tó. Bí wáyà náà bá pọ́n, iná rẹ̀ ti pọ̀ jù. Ẹ má ṣe kì í bọ iná ilé tààrà láéláé, nítorí wáyà tó wà ní ìhòòhò ni, ọwọ́ yín sì wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní gbogbo ìgbà. Ẹ̀yìnkùlé ni kí ẹ ti ṣe é, torí pé èéfín tí fóòmù ń rú bó ṣe ń yọ́ kò dára fún ẹ̀dọ̀fóró.

Ibi àtè ni ọ̀pọ̀ ènìyàn ti ń ba iṣẹ́ jẹ́. Àtè ìyeyè tí àwọn oníbàtà ń lò máa ń jẹ fóòmù, bẹ́ẹ̀ náà ni ọ̀dà inú agolo tí wọ́n ń fọ́n sára mọ́tò, nítorí pé kẹ́míkà inú wọn ń yọ́ polystyrene. Ihò á kàn máa là lójú yín ni. Àtè funfun àwọn káfíńtà ni kí ẹ lò, àmọ́ òun náà ní wàhálà tirẹ̀. Atẹ́gùn kì í dé àárín fóòmù méjì tó fẹ̀, àtè ibẹ̀ sì lè wà ní tútù fún ìgbà pípẹ́ ní àsìkò òjò. Ẹ fi ẹyọ ìgbálẹ̀ gún wọn pọ̀ kí wọ́n má baà yọ̀ kúrò lójú ara wọn, ẹ gbé ìwé tó wúwo lé wọn lórí, kí ẹ sì fi wọ́n sílẹ̀ di ọjọ́ kejì tàbí ọjọ́ kẹta.

Lẹ́yìn náà ló kan awọ ara rẹ̀. Ẹ po àtè funfun yẹn mọ́ ọ̀dà ìmọ́ṣọ̀n dúdú, ẹ kùn ún dé gbogbo kọ̀rọ̀, kí ẹ sì wọ́n iyanrìn tí ẹ ti jọ̀, tí ẹ sì ti yan nínú agbada, sí i lórí nígbà tí ọ̀dà ṣì tutù. Yíyan náà ń pa ẹyin kòkòrò àti irúgbìn tó bá wà nínú iyanrìn. Bí ó bá gbẹ, ẹ tún un kùn. Àwọn kan máa ń fẹ́ fi P.O.P. bo gbogbo rẹ̀. Èmi kò fara mọ́ ọn, nítorí ó ń mú un wúwo, etí rẹ̀ á sì bẹ̀rẹ̀ sí í já bó bá ti kọ lu ilẹ̀kùn máíkírà.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Òkè-Ààrẹ:

Mo fara mọ́ ohun tí Ẹ̀gbọ́n Àlàní sọ nípa fóòmù, àyàfi pé ohun tí ẹ máa fi ṣe é ló rọrùn jù nínú ọ̀rọ̀ yìí. Bí òkè náà yóò ṣe ga tó, àti ibi tí ère yóò máa dúró sí lórí rẹ̀, ni ẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ pinnu, nítorí òkè tó rẹwà tí a kò lè ṣeré lórí rẹ̀, ọ̀ṣọ́ ilé lásán ni.

Nínú eré yín, íńṣì kan lórí tábìlì dúró fún ẹsẹ̀ bàtà 5, ìyẹn ni pé ẹ ń dín ayé kù sí ìdá kan nínú 60. Láyípo, ilé gogoro tó wà ní Òkè Ààrẹ, tí wọ́n kọ́ ní 1936, ga tó ẹsẹ̀ bàtà 60, nítorí náà íńṣì 12 ni yóò jẹ́ lórí tábìlì yín, gígùn rúlà ọmọ ilé ìwé. Ìyẹn ṣì ṣeé gbé. Ṣùgbọ́n Ilé Kòkó ní Dùgbẹ̀, tí gíga rẹ̀ jẹ́ mítà 105, yóò gba mítà kan àti sẹ̀ǹtímítà 75, yóò sì ga ju àwọn mìíràn tó yí tábìlì ká lọ. Òkè Màpó ńkọ́? Kò ní gba inú yàrá bí ẹ bá fẹ́ gbé e bó ṣe rí. Ẹ jẹ́ kí ilé wà ní ìwọ̀n tòótọ́: ògiri tó ga ní ẹsẹ̀ bàtà 10 yóò jẹ́ sẹ̀ǹtímítà 5, ilẹ̀kùn yóò jẹ́ bíi sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àtààbọ̀. Òkè ní tirẹ̀, ẹ gé e kúrú láìbẹ̀rù. Kò sẹ́ni tí yóò bá yín jà nítorí òkè tó kúrú, ṣùgbọ́n ilẹ̀kùn tí ère kò lè gbà kọjá, gbogbo ojú ni yóò rí i.

Kí ère má baà yọ̀, ẹ má ṣe òkè onídàgẹ̀rẹ̀ rárá. Ipele-ipele ni kí ẹ ṣe é, fóòmù kan lórí òmíràn, kí etí ìpele kọ̀ọ̀kan sì fẹ̀ tó sẹ̀ǹtímítà mẹ́ta àtààbọ̀ ó kéré tán, nítorí ìdí ọ̀pọ̀ ère fẹ̀ ní mìlímítà 25, iyanrìn tí ẹ wọ́n sí i yóò sì jẹ lára àyè náà. Ẹ wo òfin kí ẹ tó yan gíga ìpele. Ẹ̀dà 2014 sọ pé ẹsẹ̀ bàtà kan tí ènìyàn bá gùn yóò ná an ní méjì nínú ìrìn rẹ̀, ọ̀pọ̀ ènìyàn inú eré náà kì í sì ní ju ìrìn ẹsẹ̀ bàtà 30 lọ nígbà tó bá kàn wọ́n. Bí ìpele bá ga ní íńṣì kan, ìrìn 10 ni ọ̀kan ṣoṣo yóò gbà, ìpele mẹ́ta péré ni onítọ̀hún yóò sì gùn kí ìrìn rẹ̀ tó tán. Ẹ lo èyí fún àǹfààní yín. Ẹ jẹ́ kí apá kan òkè náà jẹ́ àpáta onípele íńṣì kan, kí ẹ wá fi àtẹ̀gùn onípele kéékèèké yí apá kejì ká. Ẹni tó bá gba àpáta yóò tètè dé òkè, ṣùgbọ́n gbangba ni yóò wà fún ọfà. Ẹni tó bá gba àtẹ̀gùn yóò rìn jìnnà lẹ́yìn ògiri àwọn agbo ilé. Ẹ ti fọwọ́ gé ìpinnu tó le fún àwọn òṣèré yín nìyẹn kí eré tó bẹ̀rẹ̀. Ní ti àríyànjiyàn lórí ẹni tó lè rí ẹnìkejì, ẹ na òwú ìránṣọ láti orí ère kan dé orí èkejì: bí ògiri bá dí òwú, ọ̀rọ̀ parí.

Òrùlé ni mo fẹ́ràn jù. Ẹ wá páálí tí ihò inú rẹ̀ wẹ́, irú èyí tí wọ́n fi ń di gílóòbù tàbí ẹ̀rọ ìlọta kéékèèké. Ti páálí Indomie ti tóbi jù. Ẹ fi kànìnkànìn tútù nu ojú kan rẹ̀, ẹ dúró díẹ̀ kí omi wọ̀ ọ́, kí ẹ wá rọra bó bébà òkè kúrò láti igun. Inú rẹ̀ tó rí kọ́lọkọ̀lọ yóò yọ síta, pánù yín nìyẹn. Ẹ gé e sí ege gígùn tí kò fẹ̀, kí etí ọ̀kan gun etí èkejì gẹ́gẹ́ bí àwọn káfíńtà ti ń kàn án. Ọ̀dà búráùn tó ṣókùnkùn ni kí ẹ kọ́kọ́ kùn, lẹ́yìn náà kí ẹ fi ẹ̀là fóòmù ìbùsùn tẹ àwọ̀ ọsàn pọ́npọ́n sí i káàkiri, kí ó má dọ́gba, kí ó sì pọ̀ ní ẹsẹ̀ òrùlé ju òkè lọ, torí ibẹ̀ ni omi máa ń pẹ́ sí. Ẹ fi pánù tuntun kan tó ń dán sí àárín àwọn tó ti gbó. Kò sí àdúgbò kan n'Íbàdàn tí irú rẹ̀ kò sí.

Kí ère lè dúró lórí òrùlé yìí, ẹ tẹ́ ẹ̀là agolo mílíìkì sábẹ́ páálí náà, kí ẹ sì lẹ òòfà kékeré mọ́ ìdí ère. Ẹ má lẹ òrùlé mọ́ ògiri, kí ẹ lè máa ṣí i bí wọ́n bá wọ inú ilé.

Màmá Òkè-Àdó:

Ẹ̀yin ọmọ mi, ẹ ò ní jẹ́ kí n má sọ̀rọ̀. Fóòmù dára, ṣùgbọ́n kíréètì ẹyin wà káàkiri ìlú yìí, bébà sì ni. Ẹ rẹ ẹ́ sínú omi di ọjọ́ kejì, ẹ gún un lódó, ẹ fún omi rẹ̀ kúrò dáadáa, kí ẹ sì po ó mọ́ àtè funfun. Ojú àpáta tí yóò fún yín, ẹ kò ní nílò láti gbẹ́ ẹ mọ́. Ẹ má fi ògì tàbí sítáàṣì dípò àtè nítorí owó, nítorí aáyán yóò jẹ ẹ́ láti ẹsẹ̀ òkè dé orí. Tínrín ni kí ẹ máa lẹ̀ ẹ́, kí ẹ sì fi sóòrùn kó gbẹ dé inú kí ẹ tó lé òmíràn lé e, torí pé èyí tó bá nípọn nígbà òjò yóò bu, yóò sì máa rùn. Bí orí páálí ni ẹ bá kọ́ ọ lé, ẹ kun ìsàlẹ̀ páálí náà lọ́dà pẹ̀lú. Ojú kan tó tutù nígbà tí èkejì gbẹ ló ń mú kí páálí ká.

Olùdarí Mọ́kọ́lá:

Mo dúpẹ́ gan-an, Màmá, ẹ̀yin àgbà. Mo rò pé inú òkè ni n óò fi fóòmù sí, kí n wá fi kíréètì Màmá bo apá tó jẹ́ àpáta nìkan, kí ó má baà wúwo jù. Ó ku ohun méjì. Báwo ni mo ṣe máa pín in kí ó lè wọ máíkírà, kí ó sì tún ṣeé tò ní ọ̀nà mìíràn lọ́sẹ̀ tó bá tẹ̀ lé e? Kí sì ni n óò fi ṣe odò? Nínú fídíò, nǹkan olómi kan tó ń le bíi gíláàsì ni wọ́n ń dà á, owó rẹ̀ kọjá agbára mi.

Àṣàkẹ́ Ọmọ Òkè-Ààrẹ:

Ẹ gé ilẹ̀ náà sí onígun mẹ́rin tó dọ́gba, íńṣì 12 sí íńṣì 12. Ohun tó ṣe pàtàkì ni kí etí gbogbo wọn ga bákan náà: bí òkè yóò bá dé etí, àárín etí náà ni kí ó ti jáde, ní gíga ìpele kan péré, lórí gbogbo ègé tó bá ní òkè. Bẹ́ẹ̀ ni kí odò náà máa wọlé ní àárín, kó sì máa jáde ní àárín, ní fífẹ̀ kan náà. Ilé, igi àti ògiri, ẹ má lẹ̀ wọ́n mọ́ ilẹ̀. Inú páálí tiwọn ni kí wọ́n máa gbé, agbo ilé kan náà á sì di Bẹẹrẹ lónìí, a di Ọ̀jẹ́ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

Àlàní Akunlé:

Ní ti odò, ẹ má gbẹ́ ẹ sínú fóòmù. Ẹ ra pulaiwúùdù tẹ́ẹ́rẹ́ ní ọjà pákó Bódìjà, kí ẹ fi ṣe ìdí ègé tó bá ní odò. Àwọ̀ omi Ògùnpa nígbà òjò ni kí ẹ kùn ún, kì í ṣe búlúù: búráùn tó ṣókùnkùn láàárín, tó ń mọ́lẹ̀ bó ṣe ń sún mọ́ etí. Ẹ ṣẹ́ èérún ọ̀rá píọ̀-wọ́tà díẹ̀ sí ẹ̀gbẹ́ kan bí ẹ bá fẹ́ sòótọ́. Fáníìṣì tó ń dán tí àwọn káfíńtà ń lò ni kí ẹ wá fi bò ó, ní tínrín-tínrín, lẹ́ẹ̀mẹta tàbí lẹ́ẹ̀mẹrin, kí ìkọ̀ọ̀kan gbẹ kí òmíràn tó gun orí rẹ̀. Àtè funfun náà lè dán, ṣùgbọ́n bí ẹ bá dà á nípọn, yóò funfun bàìbàì, kò sì ní mọ́ gaara. Ẹ rántí pé fáníìṣì yẹn ní kẹ́míkà tó ń yọ́ fóòmù nínú, nítorí náà òun ni kí ẹ kọ́kọ́ parí. Ìgbà tí òórùn rẹ̀ bá ti lọ pátápátá ni kí ẹ tó fi àtè funfun lẹ bèbè odò mọ́ ọn lọ́tùn-ún lósì.