Ìpàdé ọdún 25 tí a jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì: ẹ gbà mí nímọ̀ràn

Ẹ kú ìjókòó o, ẹ̀yin èèyàn mi. Ọdún 25 rèé tí àwa ẹgbẹ́ wa jáde ní kọ́lẹ́ẹ̀jì, wọ́n sì fi mí sínú ìgbìmọ̀ tó ń ṣètò àjọyọ̀ náà. Ọ̀rọ̀ owó ti fẹ́ dà wá rú. Àwọn tí nǹkan ṣẹnuure fún fẹ́ kí iye tí oníkálukú máa dá ga, ká lè gba gbọ̀ngàn ńlá. Àwọn kan ò fọhùn rárá lórí WhatsApp, wọ́n kàn ń ka ọ̀rọ̀ wa ni. Ọ̀kan nínú wọn, tó máa ń pa gbogbo kíláàsì lẹ́rìn-ín láyé ìgbà náà, rọra yọ ara rẹ̀ kúrò lóru ọjọ́ tí akápò gbé orúkọ àwọn tó ti sanwó síta. Ó dùn mí gan-an. Ṣé gbèsè ni wọ́n jẹ ni?

Èrò tèmi ni pé ká dá owó kékeré tí apá gbogbo èèyàn ká, kí ẹni tó bá rọ̀ lọ́rùn fi kún un ní ìkọ̀kọ̀. Ṣé ẹnikẹ́ni ti ṣe bẹ́ẹ̀ rí, tí owó náà sì tó?

Ọ̀rọ̀ àwọn tó ti di olóògbé náà tún wà ńbẹ̀. Ṣé ìbẹ̀rẹ̀ ló yẹ ká ka orúkọ wọn, àbí ó di ìgbà tí ara bá balẹ̀? Mi ò fẹ́ kí ayẹyẹ di ilé ọ̀fọ̀, ṣùgbọ́n a ò gbọdọ̀ fò wọ́n dá.

Ẹni tó kúrò yẹn ńkọ́? Ṣé kí n pè é fúnra mi, àbí kí n rán ẹni tí wọ́n jọ gbé yàrá kan náà sí i?